Orúkọ Bàbá Ràímì Ló Ṣáájú

Ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ Mọ́ńdè kan, ẹ̀rọ tí mo fi gbogbo ọjọ́ Sátidé tún ṣe kọ̀ mí lójú gbogbo ayé. Mo tẹ bọ́tìnnì, iná rẹ̀ tàn, fáànù inú rẹ̀ ń kùn, gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ, àfi báàsì nìkan. Mo pàṣẹ fún un pé kó dìde, ó fi ìlà kan ṣoṣo dá mi lóhùn pé òun kò ní àṣẹ láti wọ ilé òun. Mo tún pàṣẹ, ó tún ìlà náà sọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, òógùn ti bò mí, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kò tíì mú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Dẹpó oògùn ni ibi iṣẹ́ wa, ní Hanoukopé. À ń gba oògùn ní páálí-páálí, a sì ń pín in fún àwọn ilé ìtajà oògùn ní Lomé àti àwọn ìlú òkè. Báàsì ni gbogbo wa ń pe àkójọ tó wà nínú ẹ̀rọ: oògùn wo ló kù, páálí mélòó, orí pákó wo ló wà, oṣù wo ni kò ní ṣeé lò mọ́. Ẹ̀rọ ńlá tí báàsì ń gbé inú rẹ̀ la ń pè ní sẹ́fọ̀. Sẹ́fọ̀ ni ilé, báàsì ni onílé. Òwúrọ̀ ọjọ́ yìí, onílé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun.

Ó sì yẹ kí ẹ mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Lomé ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ìyá mi sì tọ́ wa dàgbà pé ẹnu kì í ṣe ibi tí a ń kó ọ̀rọ̀ sí tí a ó gbàgbé láti pa á dé. Nígbà ayé ìjọba ológun yẹn, kò sẹ́ni tí kì í wẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin tí a kò mọ̀ bá jókòó síwájú ilé ọtí, tó fi ìgò kan ṣoṣo lo wákàtí mẹ́ta, a ó máa dìde níkọ̀ọ̀kan, oníkálùkù á rántí pé òun gbé ìkòkò kaná sílé. Páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ìfura loògùn àgbà, àti kékeré ni mo sì ti ń mu oògùn yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ní ìwọ̀n.

Nítorí náà, nígbà tí báàsì kọ̀ tí kò dìde, n kò kọ́kọ́ bi ara mi pé, "Kí ni mo ṣe?" Ohun tí mo bi ara mi ni, "Ta ló wọ ibí yìí?"

Mo ní kí ẹ̀rọ to àwọn fáìlì báàsì fún mi lẹ́sẹẹsẹ, kí ó kọ orúkọ ẹni tó ni wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kò sí fáìlì tí kò ní ẹni tó ni ín, ẹni tó ni ín ló sì lè ṣí i. Orúkọ báàsì fúnra rẹ̀ ló yẹ kí n rí. Ohun tí mo rí ni Ràímì. Ràímì, Ràímì, Ràímì, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ràímì kan ṣoṣo ló wà ní dẹpó wa.

Bàbá Ràímì ni ó ń ṣọ́ yàrá oògùn. Nàgó ni, láti ìhà Pobẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, Mùsùlùmí tí kì í ti ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ kúrò lápò. Ó ti wà ní dẹpó náà kí wọ́n tó kun ògiri rẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní. Lójú tirẹ̀, báàsì tòótọ́ ni fíìsì, àwọn káàdì líle tó fi gègé kọ nǹkan sí, tó tò sínú dúróà onípákó, oògùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú káàdì tirẹ̀. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ oògùn nígbà tí mo dé, torí pé ẹ̀rọ nìkan ni mo mọ̀. Ó kọ́ mi pé páálí tí omi ti kàn máa ń rùn kí ojú tó rí i. Lọ́jọ́ kan mo kó oògùn ọ̀fìnkìn olómi ti àwọn ọmọdé sí abẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Ó dúró tì mí, ó ní, "Ṣé o fẹ́ sè é ni?" Kò fi ẹjọ́ mi sùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọlé, gbogbo wọn ń pè mí ní Madame Dorcas, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Òun nìkan ló béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń kì ọ́ nílé?" Mo ní Àdùkẹ́ ni. Láti ọjọ́ yẹn, Àdùkẹ́ ni mo ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíì tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́.

Irú ẹni yẹn ni orúkọ rẹ̀ dúró síwájú mi lójú ẹ̀rọ. Ẹ wo bí ìfura ṣe ń ṣiṣẹ́: kíá ló tún gbogbo oore tí mo mọ̀ mọ́ ọn tò, ó sọ ọ́ di ẹ̀rí. Ní Sátidé, ìgbà tí mo ń tú ètò àtijọ́ kúrò nínú sẹ́fọ̀ kí n lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀, Bàbá Ràímì ló wá ṣílẹ̀kùn fún mi torí òun ló ní kọ́kọ́rọ́. Ní ọ̀sán, ó gbé àkàsà méjì àti ẹja díndín wá fún mi. Mo jẹ ẹ́, mo lá ọwọ́. Ní Mọ́ńdè, mo bi ara mi pé, "Kí ló dé tó fi gbé oúnjẹ wá?" Ó dúró lẹ́yìn mi fún ìgbà díẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí. Kí ló ń wò? Lóòótọ́, ìka kan ló fi ń tẹ ẹ̀rọ, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo, ṣùgbọ́n ta ló sọ pé kì í ṣe pé ó ń díbọ́n?

Ìdí tún wà. Dírẹ́tọ̀ wa, Músíọ̀ Agbéko, ti sọ pé bí ètò tuntun bá ti fìdí múlẹ̀, àwọn yóò sun gbogbo fíìsì. Bàbá Ràímì gbọ́ ọ lójú gbogbo wa. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ó dáa. Ẹ ó wá mi wá lọ́jọ́ kan." Oṣù mẹ́rin ló kù kí ó fẹ̀yìn tì.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí Dírẹ́tọ̀ wọlé. Faransé la jọ ń sọ.

"Bọ̀nzúù, Madame Dorcas. Ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Báàsì kò dìde, Músíọ̀."

"Kí ló ṣe é?"

Ká ní mo ti sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó dáadáa," ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí fún ara mi. Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ Sátidé. Bí kò bá sí ẹlẹ́bi mìíràn, èmi ni. Ni mo bá la ẹnu.

"Gbogbo fáìlì rẹ̀ ti di ti Ràímì."

Dírẹ́tọ̀ tẹ̀ síwájú, ó wo ojú ẹ̀rọ. Kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ ju bí a ti ń tàn án lọ, àmọ́ ó mọ orúkọ kà. Òun náà jẹ́ afura bíi tèmi. Òun ló ní kí n fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ nínú ètò tuntun, dípò orúkọ kan tí gbogbo wa fi ń wọlé tẹ́lẹ̀, kí òun lè mọ ẹni tó fọwọ́ kan kí ni. Ó ka Ràímì lókè, ó ka Ràímì nísàlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Sàbọ́táàsì." Ìyẹn ni pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn láyé ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ rédíò ni. Bí wọ́n bá fi pe èèyàn, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò máa gbé oúnjẹ kiri láti ẹnu géètì kan dé òmíràn, tí wọn yóò máa béèrè bóyá ibẹ̀ ló wà. Wọ́n sì ti mú Bàbá Ràímì rí, nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ gígùn tí gbogbo ìlú fi jókòó sílé. Ó lo ọjọ́ mélòó kan lọ́hùn-ún, ó padà wá, kò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kàn rí ni pé láti ìgbà yẹn, kì í jókòó kó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà mọ́.

Dírẹ́tọ̀ gbé tẹlifóònù. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ kan wà tó ń wọ káákì ṣọ́jà. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. "Wọn yóò dé ní ọ̀sán. Tẹ ojú ìwé yẹn jáde fún mi. Kí o sì kọ rapọ́ọ̀, ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, tì í, kí wọ́n lè rí nǹkan mú dání."

Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Ràímì. Bàbá wọlé, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó dúró.

"Ràímì, báwo ni orúkọ rẹ ṣe dé ara gbogbo fáìlì báàsì?"

Bàbá wo ojú ẹ̀rọ, ó wò mí. "Músíọ̀, Àdùkẹ́ ló kọ orúkọ mi síbẹ̀."

Mo wolẹ̀. Inú bí mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ẹ ò rí àgbàlagbà yìí, ó fẹ́ tì í sí mi lọ́rùn! Òótọ́ pọ́ńbélé ló sì sọ, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Èmi tí mo kàwé ẹ̀rọ ni kò gbọ́ ohun tó wí.

Dírẹ́tọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kí ó má sì kúrò níbẹ̀. Bàbá jókòó, ó kọjú sí ojú títì, ó yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde.

Ìgbà náà ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mọ́ńdè ni ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀ jù. Wọ́n wá láti Adewui, wọ́n wá láti Agbalépédogan, ìwé oògùn wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sí báàsì tí yóò sọ ibi tí nǹkan wà. Àfí, akọ̀wé wa, ọmọbìnrin ẹ̀yà Mina tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, wọ yàrá oògùn, ó jáde, ó tún wọlé, òwú aláǹtakùn kún irun rẹ̀. Dírẹ́tọ̀ ti ti dúróà fíìsì pa, ó ní ẹ̀rí ni. Obìnrin kan láti ilé ìtajà oògùn kan ní Adewui bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ọmọ mẹ́ta ló ń dúró de oògùn ibà lọ́dọ̀ òun.

Ni ohùn kan bá wá láti orí bẹ́ǹṣì. "Àfí. Ìlà kẹrin, pákó kejì láti ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn àwọn ìgò omi tí a fi ń fọ ojú egbò. Mú páálí tó ti ṣí, torí tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́."

Àfí sáré wọlé, ó bá a níbẹ̀ gẹ́lẹ́. "Akpé, Papa!" ló fi dúpẹ́ ní èdè wọn. Láti ìgbà náà, orí bẹ́ǹṣì ni gbogbo wọn ń lọ. Bàbá ò dìde. Ó kàn ń sọ ìlà, ó ń sọ pákó, ó sì ń padà sórí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀.

Èèyàn gidi ì bá rí èyí, kí ó ronú pìwà dà. Dírẹ́tọ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ṣé o rí i? Ohun tó fẹ́ nìyẹn. Ó fẹ́ kí a nílò òun." Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, mo jókòó kọ rapọ́ọ̀ náà. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ni mo bá ní kí n ṣí rapọ́ọ̀ àtijọ́ kan tó wà nínú àpò fáìlì tèmi lórí sẹ́fọ̀, kí n wo bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ní n kò ní àṣẹ. Àpò tèmi! Mo ní kí ó to ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi.

Dírẹ́tọ̀ ló ni gbogbo rẹ̀.

Dírẹ́tọ̀ ló ni rapọ́ọ̀ mi. Dírẹ́tọ̀ ló ni lẹ́tà tí mo kọ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dírẹ́tọ̀ ló ni ìwé kékeré tí mo to orúkọ àwọn obìnrin tí ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì wa sí, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: èrò tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé Dírẹ́tọ̀ ń ṣọ́ mi. Mo wẹ̀yìn. Mo rò ó pé òun àti Bàbá Ràímì ló jọ ń ṣe é, pé ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yẹn, eré ni, èmi gan-an ni wọ́n ń dẹ. Mo ti ń ronú ibi tí màá kó àwọn ọmọ mi lọ. Àmọ́ ìbéèrè kan kọ̀, kò kúrò níbẹ̀. Kí ni Músíọ̀ Agbéko, ọmọ Kátólíìkì, yóò fi orúkọ àwọn tí ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ṣe?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín yẹn ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni ara mi ń tutù.

Ẹ̀rọ kì í ka orúkọ. Nọ́mbà ló ń kà. Nígbà tí a bá fi ẹnì kan sínú rẹ̀, ó máa ń fún un ní nọ́mbà tó kàn, nọ́mbà yẹn ni ó sì máa ń tẹ̀ mọ́ fáìlì ẹni náà lára. Orúkọ tí à ń rí, ẹ̀rọ ló ń túmọ̀ nọ́mbà náà fún wa. Nínú ètò àtijọ́, báàsì ni mo kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀, torí òun nìkan ló wà nígbà náà; òun ló gba nọ́mbà kìíní. Èmi ni mo gba ìkejì, orúkọ mi sì ni gbogbo wa fi ń wọlé. Ní Sátidé, mo nu ètò àtijọ́ àti orúkọ inú rẹ̀ kúrò, fáìlì nìkan ni mo fi sílẹ̀, mo sì tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣí ìwé àjákọ mi, èyí tí mo fi ń kọ gbogbo iṣẹ́ tí mo bá ṣe lára ẹ̀rọ. Mo rí orúkọ wọn bí mo ti tò wọ́n, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: Bàbá Ràímì, Dírẹ́tọ̀, Àfí, èmi. Báàsì ló gbẹ̀yìn.

N kò ronú sí i nígbà tí mo ń kọ ọ́. Bí a ṣe ń bu ọbẹ̀ nílé wa ni: àgbà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹni tó tẹ̀ lé e. Bàbá Ràímì dàgbà ju Dírẹ́tọ̀ lọ dáadáa. Báàsì kì í ṣe èèyàn, ó lè dúró. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún Bàbá bí mo ṣe ń jẹ àkàsà rẹ̀ lọ́wọ́, mo ní, "Bàbá, orúkọ yín ló ṣáájú o, kódà Dírẹ́tọ̀ ẹ̀yìn yín ló wà." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ tèmi náà bọ̀wọ̀ fún mi.

Bí nọ́mbà báàsì ṣe di ti Bàbá Ràímì nìyẹn, tí nọ́mbà tèmi di ti Dírẹ́tọ̀. Fáìlì wà níbi tí wọ́n wà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀wọ̀ tí mo fi bu ọlá fún àgbà ló gbé àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ìlà kan ṣoṣo ló tó láti tún un ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí gbogbo fáìlì náà padà di ti báàsì, mo sì pàṣẹ fún un pé kó dìde. Ó dìde wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí.

Mo jókòó síwájú rẹ̀. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti kọjá. N kò ní purọ́ fún yín: èrò burúkú kan wá sí mi lọ́kàn. Mo lè sọ fún Dírẹ́tọ̀ pé mo ti rí i tún ṣe, kí n má sọ bó ṣe bàjẹ́. Kò ní mọ̀. Àwọn oníbàárà yóò lọ, n kò ní pàdánù iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tí mo tẹ̀ jáde wà lórí tábìlì rẹ̀, Ràímì láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn oníkáákì sì wà lọ́nà. Bí báàsì bá kàn dìde báyìí, ohun tí wọn yóò sọ ni pé ẹ̀rù ló ba bàbá, tó fi tú ohun tó dì. Wọn yóò sì mú un lọ. Èmi ni mo fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, èmi náà ni mo fi ẹnu mi sọ ọ́.

Mo mú ìwé àjákọ mi, mo kan ilẹ̀kùn Dírẹ́tọ̀.

"Báàsì ti dìde, Músíọ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Mo ṣàlàyé fún un. Kò yé e. Mo tún un ṣàlàyé. Ó ní Ràímì ti fún mi ní nǹkan ni, àbí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí? Ìfura ti jókòó sínú rẹ̀ tán, èmi ni mo sì gbé àga fún un. Ni mo bá ní kí ó dìde wá wo nǹkan kan. Mo fi àpò mi hàn án, tí n kò tíì tún ṣe. Ó ka orúkọ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Orúkọ àwọn tí ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, Músíọ̀. Bí Bàbá Ràímì bá jí báàsì, a jẹ́ pé ẹ̀yin náà lẹ jí èyí."

Ó gba ìwé àjákọ mi, ó fi ìka rẹ̀ tọ àwọn orúkọ náà.

"O fi mí sẹ́yìn Ràímì."

"Wọ́n dàgbà jù yín lọ, Músíọ̀."

"Èmi ni Dírẹ́tọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Músíọ̀."

N kò mọ ohun tí ì bá ṣe fún mi. Ìgbà náà la gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu géètì. Méjì ni wọ́n, káákì wọn gún régé. Mo sáré jáde tẹ̀lé Dírẹ́tọ̀. Bàbá Ràímì ti dìde dúró, tẹ̀sùbáà ti wọ inú ọwọ́ rẹ̀ tó dì, ó sì ti wọ bàtà rẹ̀ dáadáa bí ẹni tó ń lọ ìrìn àjò. Bí ó ṣe wọ bàtà yẹn, mo ṣì máa ń rí i.

Ọ̀kan nínú wọn wò ó. "Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Ẹ̀rọ ló ní kí n jókòó," ni Bàbá wí.

Dírẹ́tọ̀ ya ojú ìwé tí mo tẹ̀ jáde sí méjì, ó tún un ya, ó kó o sápò. Ó ní kò sí nǹkan kan mọ́, pé ẹ̀rọ ló ṣèṣì, pé òun bẹ̀bẹ̀ fún ìyọnu. Wọ́n mu omi tútù, wọ́n kí wa pé ó dàbọ̀, wọ́n lọ. Dírẹ́tọ̀ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Bàbá, ó sì wọlé. Kò lé mi. Àmọ́ fún ọdún kan gbáko, kò kí mi ní bọ̀nzúù kí n tó kọ́kọ́ kí i lẹ́ẹ̀mejì.

Mo kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ǹṣì náà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo dárúkọ yín."

Ó ní, "Ẹ dìde, Màdámù. Ó ti tán."

Ẹ dìde. Màdámù. Bàbá tó lè bí mi lọ́mọ. Bí àgbà bá lù ọ́, ó ṣì kà ọ́ sí ọmọ. Bí àgbà tó ń pè ọ́ ní oríkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yin bá ọ sọ̀rọ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tí o lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn, torí ọ̀wọ̀ ló ń bọ̀ fún ọ. Mo sunkún nínú yàrá sẹ́fọ̀ lọ́jọ́ yẹn, fáànù ẹ̀rọ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi.

Oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù, bẹ́ẹ̀ ló ń bá mi sọ ọ́. Ẹ káàárọ̀, Màdámù. Ẹ kú iṣẹ́, Màdámù. Mo gbé àkàsà wá fún un, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó pín in fún ẹ̀ṣọ́. Mo tú sẹ́fọ̀, mo sì tún gbogbo nọ́mbà rẹ̀ tò. Mo lọ bá Dírẹ́tọ̀, mo ní kí wọ́n má sun fíìsì, pé bí ẹ̀rọ bá tún kọ̀, fíìsì la ó fi jẹun. Kò sun wọ́n. Mo fi ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ jókòó ti Bàbá, mo ń kọ́ bó ṣe ń kọ wọ́n, òun náà sì ń kọ́ mi, pẹ̀lú ẹ̀yin.

Ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, a ra mínírà àti bisikíìtì, Dírẹ́tọ̀ sọ̀rọ̀ tó gùn. Bàbá Ràímì bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Nígbà tó kàn mí, ó kó kọ́kọ́rọ́ dúróà fíìsì lé mi lọ́wọ́. "Màdámù, ẹ ṣeun." Mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó dé ẹnu géètì, ó kọjá bẹ́ǹṣì yẹn. Ó dúró, ó yíjú padà.

"Ta ló wà ní nọ́mbà kìíní báyìí?"

"Báàsì ni, bàbá."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣìkejì."

Ó ronú sí i, ó mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣáájú. Ipò kìíní tí o fún mi lọ́jọ́sí, díẹ̀ ló kù kó gbé mi dé ẹ̀wọ̀n." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Má yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀ o, Àdùkẹ́."

N kò yọ ọ́. Mo tú sẹ́fọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i kí èmi náà tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ń to orúkọ, báàsì ni màá kọ́kọ́ kọ, Bàbá Ràímì á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni ó ti pẹ́ tí ó ti padà sí Pobẹ̀. Àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi bi mí pé ta ni Ràímì yìí tí kì í wọlé rí. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, mo sì rí i pé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kí n tó gbé báàgì mi.